Clown ayé àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí olè tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń pàtẹ́wọ́ fún

Bí wọ́n bá dárúkọ Clown létí ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, imú pupa roboto àti bàtà gbàngbà níbi ọjọ́ ìbí ọmọdé la máa ń rò. Clown tó gbòde ní Ìlú Ọba láyé ìgbà tí mò ń sọ yìí, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò jọ ìyẹn. Olè ni. Wọ̀bìà ni. Ó ń na ẹ̀ṣọ́ òru, ó ń jí ẹja lórí àtẹ, ó ń fi irin tó pọ́n rẹ́rẹ́ lé ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀nà kiri, àwọn àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ sì ń sanwó láti wá wò ó nínú eré tí wọ́n ń pè ní pantomáìmù.

Kí ni pantomáìmù gan-an? Ṣé kì í ṣe eré tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ ni?

Àìsọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, eré ìgbà Kérésìmesì ni. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ìyẹn ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí èrò bá sì ṣì ń wọlé, wọn kì í tètè dá a dúró. Kì í dá wà lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe eré mìíràn, eré tó le, tó lè jẹ́ eré ìbànújẹ́ pàápàá, kí pantomáìmù tó tẹ̀ lé e. Àwọn èrò tó jókòó sókè pátápátá, níbi tí owó rẹ̀ kéré jù, kì í ní sùúrù fún ti àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n á máa pariwo títí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá yóò fi dé.

Pantomáìmù fúnra rẹ̀ ní apá méjì. Ti àkọ́kọ́ dà bí àlọ́: bàbá olówó kan fẹ́ fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọkọ tí ọmọ náà kò fẹ́, ọmọ náà sì ti ní olólùfẹ́ tálákà kan tirẹ̀. Àwọn òṣèré á gbé orí ńlá tí wọ́n fi bébà ṣe wọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú, iwin rere kan á yọ, á sì sọ gbogbo wọn di ẹlòmíràn. Olólùfẹ́ á di Harlequin, ọmọbìnrin á di Columbine, bàbá á di Pantaloon, ìránṣẹ́ bàbá náà tàbí ọkọ tí wọn kò fẹ́ á sì di Clown. Orí bébà á bọ́ sílẹ̀, apá kejì á bẹ̀rẹ̀: eré àsápamọ́ àti àlékiri la àárín ọjà, ilé ìtura, ìsọ̀ alápatà àti títì Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Àwọn ololùfẹ́ méjì ń sá, Pantaloon àti Clown ń lé wọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀ wọ́n ní ibi òkùnkùn kan, iwin á tún dé, á parí ìjà.

Apá kejì yìí ni wọ́n ń pè ní harlequinade, òun sì ni èrò ń bá wá. Àlọ́ tó ṣáájú, ẹnu ọ̀nà lásán ni.

Ibo ni àwọn orúkọ yẹn ti wá?

Láti Ítálì, láti ọwọ́ àwọn òṣèré alárìnká tó ń fi ìbòjú ṣeré. John Rich, tó ń pe ara rẹ̀ ní Lun lórí ìtàgé, ló sọ ọ́ di eré Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1717 ní ilé eré Lincoln's Inn Fields ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó kọ́ ilé eré Covent Garden ní 1732. Nígbà tirẹ̀, Harlequin ni ọba. Clown kò ju ará oko kan tó ń ṣubú lulẹ̀ lọ. Ẹni tó yí ìyẹn padà ló ni ìdáhùn tó kàn.

Ta ni Joseph Grimaldi, kí ló dé tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀?

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1778. Bàbá rẹ̀, Giuseppe, ará Ítálì, ni olùkọ́ ijó ní tíátà Drury Lane. Ìyá rẹ̀, Rebecca Brooker, oníjó ni. Bàbá yìí le, ó sì máa ń lu ọmọ. Wọ́n ní nígbà tí Joe ń ṣe ọ̀bọ lórí ìtàgé, bàbá rẹ̀ so ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn nídìí, ó ń fi í yí po lófuurufú. Ẹ̀wọ̀n já, ọmọ fò bọ́ sáàárín àwọn òǹwòran, àyà arákùnrin kan ló sì bá a gbà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní ilé eré Sadler's Wells ní 1781. Bàbá kú ní 1788, owó tó fi sílẹ̀ kò dé ọwọ́ ẹbí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé.

Ní 1800, nínú eré kan ní Sadler's Wells, ó bọ́ aṣọ ìránṣẹ́ oko sílẹ̀, ó sì gbé aṣọ aláràbarà wọ̀. Láti ìgbà náà ni Clown ti kúrò ní ọ̀dẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, tó di ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ ni 29 oṣù Kejìlá 1806, nígbà tí wọ́n gbé pantomáìmù Mother Goose, tí Thomas Dibdin kọ, jáde ní Covent Garden. Ìkánjú ni wọ́n fi pèsè rẹ̀. Kò sí ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, kò sí aṣọ tó ń kọ yẹ̀rì, Grimaldi fúnra rẹ̀ kò sì retí nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Alẹ́ 92 ni wọ́n fi ṣe é. Èrò tèmi ni pé àìsí ọ̀ṣọ́ yẹn gan-an ló ràn án lọ́wọ́, torí pé ojú èrò kò ríbòmíràn gbà ju ara rẹ̀ lọ.

Ó wá gbajúmọ̀ débi pé “Joey”, ìnagijẹ rẹ̀, di orúkọ gbogbo Clown. Àwọn apanilẹ́rìn-ín kan ṣì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ di òní.

Kí ló ń ṣe gan-an lórí ìtàgé?

Ó ń jẹun, ó ń jalè, ó ń fi nǹkan kọ́ nǹkan. Ti ìkẹta yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Á wọ inú ọjà, á kó oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ àti èso jọ, á tò wọ́n di ènìyàn, lẹ́yìn náà ni ènìyàn ẹ̀fọ́ náà á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Á mú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí, á fi wàràkàṣì roboto mẹ́rin ṣe táyà rẹ̀, á di kẹ̀kẹ́ ẹṣin, á gun un jáde. Nígbà ogun Napoleon, tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ń fi aṣọ àti irunmú ṣe fáàrí káàkiri ìlú, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ garawa èédú bíi bàtà, ó kan pátákò ẹṣin mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó mú ohun tí àwọn obìnrin fi ń bo ọwọ́ nígbà òtútù dé bíi fìlà, ó sì rìn gba iwájú èrò kọjá bí ọ̀gágun. Kò sọ gbólóhùn kan, gbogbo ilé sì mọ ẹni tó ń bú.

Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ràn olè tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo irú ìlú tó ti ń jalè. Ní 1806, òfin kan tó ti wà láti 1699 sọ pé ẹni tó bá yọ́ jí ọjà tó tó ṣílè márùn-ún ní ìsọ̀, ikú ni. Jáguda tó bá yọ ohun tó ju ṣílè kan lọ nínú àpò ẹlòmíràn, ikú náà ni, títí wọ́n fi yí ìyẹn padà ní 1808. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni adájọ́ ń sọ ọ́ di ìgbèkùn sí Australia, àmọ́ ìgbèkùn kì í ṣe ìsinmi. Ogun ń lọ lọ́wọ́, búrẹ́dì gbówó lórí, òṣìṣẹ́ tó san ṣílè kan láti jókòó sókè mọ ohun tí ebi jẹ́.

Clown á wá jáde sáàárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Á jí sọ́sééjì gígùn kan lẹ́nu ọ̀nà alápatà, á máa fà á, kò ní tán. Á ti ẹja bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ kan, á ti adìyẹ bọ èkejì, ìkòkò omi gbígbóná á tẹ̀ lé e. Alápatà á lé e, ẹ̀ṣọ́ á lé e, Pantaloon tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n máa mú, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo òkè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kò sí ìjìyà. Kò sí ìwàásù. Lẹ́yìn tí wọ́n dá iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1829, ọlọ́pàá ló gba ipò ẹ̀ṣọ́ òru tí wọ́n ń nà, ẹ̀rín sì tún pọ̀ sí i.

Àwọn kan máa ń sọ pé eré ọmọdé ni, kò ní ìtumọ̀. Èmi kò gbà. Ẹni tí wọ́n lè yẹgi fún nítorí ọjà ṣílè márùn-ún, tó wá rí ẹnì kan tó jí gbogbo ìsọ̀ lójú gbogbo ayé tó sì jó lọ sílé, ohun tó ń rín ju ìṣubú lásán lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àwọn idán yẹn?

Káfíńtà ni babaláwo. Igi pẹlẹbẹ méjì ni ọ̀pá tí Harlequin ń mú dání; bó bá fi lu nǹkan, igi méjèèjì á gbá ara wọn, á dún gbàà. Ariwo yẹn ń pa èrò lẹ́rìn-ín, ó sì tún jẹ́ àmì fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á fa okùn, pátákó tí wọ́n ya àwòrán ilé sí á ṣẹ́ po, àwòrán mìíràn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á yọ. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ ká tó ṣẹ́jú.

Bí Harlequin bá fò gba ojú fèrèsé kọjá, pátákó tó ń ṣí ló gbà kọjá, àwọn ọkùnrin kan sì ti na kúbùsù dè é lẹ́yìn. Òṣèré tó bá lọ́gbọ́n kì í gbàgbé láti fún wọn lówó ọtí. Ihò tún wà nílẹ̀ ìtàgé, èyí tí ìdérí rẹ̀ pín sí igun mẹ́ta-mẹ́ta bí ìràwọ̀. Òṣèré á dúró sórí pákó kékeré nísàlẹ̀, wọ́n á tú irin wíwúwo tó wà ní ìdí okùn kejì sílẹ̀, irin á já wá sílẹ̀, òṣèré á ta jáde sókè bí ọfà, ìdérí á pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tọ́ lórí pákó, tàbí tí ọ̀kan nínú igun náà kò bá ṣí, egungun ló máa san gbèsè rẹ̀.

Ṣé Clown kì í sọ̀rọ̀ rárá ni?

Ó ń kígbe, ó ń kọrin, ó sì ń sọ gbólóhùn kan tàbí méjì. Àmọ́ òfin wà nídìí ìdákẹ́jẹ́ náà. Láti ayé Ọba Charles Kejì, ilé eré méjì péré ni wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti máa ṣe eré olọ́rọ̀ ẹnu jálẹ̀ ọdún: Drury Lane àti Covent Garden. Haymarket rí tirẹ̀ gbà fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn yòókù, bíi Sadler's Wells, orin, ijó, òkìtì àti ìfarasọ̀rọ̀ ni wọ́n lè lò. Bó bá di dandan kí wọ́n ṣàlàyé, wọ́n á kọ ọ́ sórí aṣọ gígùn, wọ́n á nà án sókè kí èrò kà á. Ní 1843 ni òfin tuntun fòpin sí i. Kó tó dìgbà náà, àwọn òṣèré ti mọ bí èjìká ṣe ń sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ.

Ní ti orin, èyí tí èrò fẹ́ràn jù lẹ́nu Grimaldi dá lórí ìyá àgbà kan tó ń ta èso sísun ní títì tó sì fẹ́ràn ọtí. Bó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ “jíìnì” yẹ kó wà, á dánu dúró. Gbogbo ilé á bá a pè é. Òun á wá wò wọ́n tìyanutìyanu bí ẹni tí ìwàkiwà wọn ń bà nínú jẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n ń kun ojú ní funfun?

Kí wọ́n lè rí wọn ni. Drury Lane àti Covent Garden ń gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn lẹ́ẹ̀kan, àbẹ́là àti fìtílà ló sì ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ títí iná gáàsì fi dé ní 1817. Ojú tí a kò kùn kò ní dé òkè pátápátá. Grimaldi kun gbogbo ojú àti ọrùn rẹ̀ ní funfun, ó fi pupa ya igun mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì dé irun àtọwọ́dá tó nàró láàárín orí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa yẹn dà bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí jáàmù jẹ.

Ṣé òótọ́ ni ìtàn dókítà yẹn?

Ẹ mọ̀ ọ́n: ọkùnrin kan lọ bá dókítà, ó ní ìbànújẹ́ fẹ́ pa òun; dókítà ní kó lọ wo Grimaldi; ọkùnrin ní, “Èmi ni Grimaldi.” Wọ́n ti sọ ọ́ nípa àwọn òṣèré mìíràn pẹ̀lú, nítorí náà ẹ fi í sí ipò ìtàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an burú jù ú lọ. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Maria Hughes, kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1800. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣe ilé eré méjì lálẹ́ ọjọ́ kan, tó ń sáré láti ọ̀kan sí èkejì. Kó tó pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, oríkèé ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin máa ń dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Bó bá ti jáde kúrò níwájú èrò, wọ́n á gbá a mú, wọ́n á máa fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ti kákò títí dìgbà tó tún máa wọlé. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1823. Ní 1828, ó ṣe ìdágbére ní Sadler's Wells, lẹ́yìn náà ní Drury Lane ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà. Orí àga ló jókòó ṣe ìran tirẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun ti fò ìfò ìkẹyìn, òun ti jí oúnjẹ ìkẹyìn, òun sì ti bọ sọ́sééjì ìkẹyìn.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jogún iṣẹ́ náà, mu ọtí títí, ó sì kú ní 1832 ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọkùnrin tó ni ilé ọtí tó ń lọ ló máa ń gbé Grimaldi sẹ́yìn relé lálẹ́. Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1837 ló kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin òǹkọ̀wé kan, Charles Dickens, ló tún ìtàn ayé rẹ̀ tò tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ti Faransé ńkọ́? Ṣé irú Clown kan náà ni Pierrot?

Rárá. Clown Gẹ̀ẹ́sì gbóná, Pierrot tutù. Jean-Gaspard Deburau, tí wọ́n bí ní Kolín ní ilẹ̀ Bohemia ní 1796 sí ìdílé àwọn olókìtì, ló sọ Pierrot di ẹni ńlá ní ilé eré kékeré kan ní Paris, Théâtre des Funambules. Aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, fìlà dúdú tó lẹ̀ mọ́ orí, ojú tó funfun bí ẹfun, ó tán. Bí Grimaldi bá ń jẹ gbogbo ìsọ̀ tán, Deburau á gbé ojú sókè díẹ̀, ilé á sì dà rú.

Ní tirẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ rárá lórí ìtàgé. Ní 1836, ó ń rìn lọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú u ní títì. Deburau fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lù ú lórí, ọmọ náà sì kú. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Wọ́n ní èrò rọ́ lọ síbẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ bí ohùn Pierrot ṣe rí, èyí tó jẹ́ ìwà ọ̀dájú lójú tèmi nígbà tí òkú ọmọ ọlọ́mọ wà nílẹ̀. Ó kú ní 1846, ọmọ rẹ̀ Charles gba ipò rẹ̀. Ní 1862 ni wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé eré àdúgbò náà láti la títì tuntun.

Clown inú circus ńkọ́?

Ẹ̀ka mìíràn ni, kò sì yẹ ká pò wọ́n pọ̀. Láti ìgbà Philip Astley, tó bẹ̀rẹ̀ eré ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1768, apanilẹ́rìn-ín ti wà níbẹ̀ láti dí àlàfo nígbà tí ẹṣin bá ń sinmi. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ọlọ́rọ̀ ẹnu gan-an: William Wallett ń fi ọ̀rọ̀ Shakespeare dápàárá, Dan Rice ní Amẹ́ríkà sì ń ti ẹnu àwàdà bọ́ sínú ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò kọjá. Wọ́n bí Rafael sínú oko ẹrú ní Havana, ní Kúbà, ní nǹkan bí ọdún 1868. Wọ́n tà á lọ́mọdé, wọ́n gbé e lọ sí Spéènì, ó sá níbẹ̀, ó di ọmọ iṣẹ́ apanilẹ́rìn-ín kan, ó sì dé Nouveau Cirque ní Paris ní 1886. Chocolat ni wọ́n ń pè é. Òun àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Footit, di aláwàdà méjì tí gbogbo Paris mọ̀: Footit tó kun ojú ní funfun ni ọ̀gá, Chocolat ni ẹni tó ń jẹ ìgbájú. Ẹ̀rín àwọn èrò náà kò mọ́, torí àwọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń rín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wo bó ṣe ń ṣubú, bó ṣe ń dìde, bó ṣe ń dúró de ìgbà tó yẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni. Ó kú ní Bordeaux ní 1917, láìní owó lọ́wọ́.

Ṣé àwọn obìnrin wà nínú iṣẹ́ náà?

Columbine ni tiwọn, ijó sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Iná ìtàgé léwu púpọ̀ fún àwọn oníjó: Clara Webster kú ní 1844 lẹ́yìn tí iná ran aṣọ rẹ̀ ní Drury Lane. Obìnrin tó ṣe Clown fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Evetta Mathews jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ circus Barnum & Bailey ní 1895, wọ́n sì ń kéde rẹ̀ bí ohun ìyanu.

Ṣé ó dé Amẹ́ríkà?

Ó dé. George L. Fox gbé Humpty Dumpty jáde ní New York ní 1868, ó sì ṣe é ju ìgbà ẹgbẹ̀rún kan lọ kó tó di pé orí rẹ̀ dàrú. Ó kú ní 1877. Àwọn kan fura sí òjé tó wà nínú ọ̀dà funfun tó ń kùn sójú.

Kí ló wá pa harlequinade?

Ẹnu ọ̀nà ló gbé ilé mì. Lẹ́yìn òfin 1843, ilé eré tó bá wu kó jẹ́ lè máa sọ̀rọ̀, nítorí náà àlọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ń gùn sí i, ó ń kún fún orin àti àpárá, apá Clown sì ń kúrú. Nígbà tí Augustus Harris gba Drury Lane ní 1879, ó kó àwọn olókìkí ilé orin wọlé, ó tò wọ́n síwájú ọ̀wọ́ oníjó olówó ńlá. Láti 1888, Dan Leno, ọkùnrin tó ń múra bí ìyá àgbà, ló ń pa ilé lẹ́rìn-ín. Harry Payne ṣì ń ṣe Clown níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1890, àmọ́ ìgbà tó bá fi máa jáde, àwọn òbí ti ń wọ ẹ̀wù òtútù fún ọmọ kí wọ́n lè bá ọkọ̀ ojú irin.

Ṣé ohunkóhun ṣì wà tí mo lè fojú rí?

Bí ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ibojì Grimaldi wà nínú ọgbà kékeré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Pentonville Road, ẹsẹ̀ lè gbé yín débẹ̀ láti King's Cross tàbí Angel. Wọ́n tẹ́ nǹkan tó ní ìrísí pósí sílẹ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá ń jó lórí rẹ̀, ó ń dún bí orin. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì, ìsìn ìrántí rẹ̀ máa ń wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn Clown á sì wá pẹ̀lú ọ̀dà lójú. Ẹ tètè dé o, torí àwọn oníròyìn àti kámẹ́rà wọn máa ń gba ìjókòó.